Ìjókòó Tí Mo Fi Sílẹ̀ Fún Àgbà

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ilé wa ní Mahuta, nínú ìlú Kàdúná, pé mo ti ríṣẹ́ nínú bàlúù, inú wọn dùn bí ẹni pé èmi ni n ó máa wà á. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni o. Nígbà tí sójà ṣì ń ṣèjọba, ilé-iṣẹ́ kan wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kàdúná tó ń fi bàlúù kékeré gbé àwọn ọlọ́lá lọ síbi ìpàdé. Tí ọ̀ràn aláìsàn kan bá ti kọjá agbára ilé ìwòsàn tiwa, wọ́n á tú ìjókòó mẹ́rin kúrò nínú bàlúù yìí kan náà, wọ́n á de bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀, ó di àńbúláǹsì nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á dá àwọn ìjókòó padà, ọlọ́lá á sì fẹ̀yìn tì síbi tí ẹlòmíràn ti ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ lánàá. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún un.

Ìjókòó méjì péré ló máa ń kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ọ̀kan fún nọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún ẹbí. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọlé ni wọ́n ń wọ̀n: sílíńdà ọ́síjìn, báàgì, títí kan èmi alára. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrẹsì lọ́jà ni wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gùn ún, tí akọ̀wé á fi ìwúwo mi pariwo fún gbogbo ayé. Kí a tó gbéra, èmi ni mo máa ń kọ fọ́ọ̀mù: bí aláìsàn ṣe ń mí, sílíńdà mélòó ló wà, nọ́ọ̀sì wo ló bá a lọ. Ilẹ̀ ni màá ti fọwọ́ sí i, torí ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà wọ bàlúù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n gbé télọ̀ kan wá láti àdúgbò Nasarawa ní Kàdúná níbẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Mọ́tò ló kọlù ú lórí àṣàbá, bí a ṣe ń pe ọ̀kadà ní Kàdúná, eegun ìhà rẹ̀ sì ti gún ẹ̀dọ̀fóró. Tí ọ́síjìn bá kúrò nímú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ètè rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Èkó ni wọ́n ti fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ bá a lọ, ọmọ tí wọ́n bí sí Kàdúná bíi tèmi, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Hausa ló máa ń fi sunkún.

Mo ti so ọ́síjìn, mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ìyàwó ti jókòó, nígbà tí mọ́tò kan já wọ pápá. Ẹ̀gbọ́n bàbá aláìsàn ló sọ̀kalẹ̀, Àlàájì kan báyìí tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, tó sì tún jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Èmi ni n ó bá a lọ,” ni wọ́n wí. “Ta ni yóò dá dókítà Èkó lóhùn? Ṣé ọmọdé obìnrin yìí ni?”

Ìyàwó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. “Don Allah, Baba, ẹ ṣàánú mi. Mi ò lè sọ̀kalẹ̀.”

Awakọ̀ bàlúù wo ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ti ṣí díẹ̀, ó sì lè tún bo gbogbo ibẹ̀ nígbàkígbà. “Sista, mutum biyu kawai,” ó wí. Ènìyàn méjì péré. Ó ní bí a kò bá gbéra báyìí, ó di ọ̀la.

Àlàájì kọjú sí mi. “Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ́, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo mọ̀. Bóo ṣe kí mi yẹn, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni ọ́. Ọmọ mi, dákun, bá wa fi ìjókòó tìrẹ sílẹ̀.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ: Bàbá, tí mo bá sọ̀kalẹ̀, ọmọ yín lè kú. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n pàṣán ni wọ́n fi kọ́ mi nílé pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí ọmọdé máa fèsì. Mo wo awakọ̀, bóyá yóò bá mi sọ ọ́; aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Mo wo máníjà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ju èjìká. Bó ṣe nọ́ọ̀sì ni o, bó ṣe Àlàájì ni o, kí ìwúwo má ṣáà ti kọjá ààlà ni tirẹ̀.

Mo kọ́ ìyàwó bó ṣe máa ṣe é. Mo fi ojú aago sílíńdà hàn án. “Tí ọwọ́ yìí bá ti dé ibi pupa, fi sípánà yìí ti èyí, kóo wá ṣí ìkejì. Ṣé o gbọ́?”

“Na ji, Aunty,” ó ní òun gbọ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi kọ́ èmi níṣẹ́ yẹn. Mo sọ̀kalẹ̀, Àlàájì gùn ún, wọ́n lọ. Mo ra kósáì, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu géètì, mo jókòó, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí rédíò ọ́fíìsì fi sọ̀rọ̀. Aláìsàn ti kú kí wọ́n tó balẹ̀. Nígbà tí bàlúù padà dé, mo wọ inú rẹ̀ lọ. Sílíńdà àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ìkejì kún dẹ́múdẹ́mú, sípánà sì wà nílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ ní sípánà bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ni, kò rántí èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ yí, Àlàájì sì ń fi tẹ̀sùbáà ṣàdúrà, wọ́n ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀.

Máníjà gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀. “Nọ́ọ̀sì bá aláìsàn lọ, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ,” ó wí. “Àbí kí n kọ ọ́ pé o sọ̀kalẹ̀?”

Mo ní rárá. Mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó dáhùn, inú ara mi sì ń bí mi títí dòní.

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, Àlàájì wá sílé wa ní Mahuta, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí mi. “Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ,” ni wọ́n wí. “Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni mo fi pa ojú ọmọ mi dé. Ọmọ tó mọwọ́ wẹ̀ ni.” Orí bàbá mi wú. Mo béèrè ìyàwó.

“Ó wà nínú ilé, ó ń ṣe opó. Kò jẹun. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun lòun pa ọkọ òun, pé ọwọ́ òun ni kò mọ sípánà yí. A ti bá a wí tí tí tí.”

Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀ gbàdúrà. Àlàájì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní bí mo ṣe dìde fún àgbà, àwọn ọmọ tèmi náà á dìde fún mi. Gbogbo ilé ní àmín. Àmín tèmi ló ròkè jù.