Báírò Tí Mo Fi Kọ Oyinmọmọ

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe aláriwo. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú títì, ẹ ó rò pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ejò ló ń sìn. Bàbá Eléjò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn kan sì máa ń sọdá sí òdìkejì tí wọ́n bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, àfi bí ẹni pé ó kó ejò sápò ṣòkòtò. N kò lè bú wọn. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, odidi ọdún méjì ni mo fi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn kí n tó gbà láti wọlé.

Yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni. Pẹpẹ irin wà lára ògiri mẹ́ta, ike pẹrẹsẹ tó ní ìdérí tò sórí wọn, ejò erè kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ike tirẹ̀. Erè kúkurú ni wọ́n, àwọn tó máa ń ká gúlútú tí wọ́n á fi orí pa mọ́ tí ẹ̀rù bá bà wọ́n. Èyí tó wà nínú igbó, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Inú ike ni wọ́n ti bí tiwa, inú ike ni wọ́n ti bí àwọn òbí wọn, àwọn tó ń sìn wọ́n sì ti ṣa oríṣiríṣi àwọ̀ jọ lára wọn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Orúkọ yẹn ni oníbàárà ń rà.

Káàdì wà níwájú ike kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo sì ń kọ ọ́, torí ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ, ẹsẹ̀ adìẹ ló jọ. Akọ̀wé ló ń pè mí. Orúkọ àwọ̀, baba, ìyá, ọjọ́ tí ẹyin pa. Ohun tó bá dá wa lójú, báírò ni mo fi ń kọ ọ́. Ohun tí a kàn rò, pẹ́ńsù ni.

Ó máa ń sọ fún mi pé, “Akọ̀wé, tí o ò bá mọ̀ ọ́n, má fi báírò kàn án o.”

Àwọ̀ tuntun ló le jù. Òfin ẹgbẹ́ àwọn olùsìn erè ni pé orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní pẹ́ńsù títí a ó fi dà á pọ̀ mọ́ àwọ̀ àtijọ́ tó bá jọ ọ́ kí wọ́n fi bímọ. Bí àwọn ọmọ bá fi hàn pé ohun kan náà ni wọ́n, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ló dúró, tìkejì á kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti erè, ẹyin ni à ń wò.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bí. Obìnrin ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nígbà náà, kò sì bẹ̀rù ohunkóhun. Láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ ni baba rẹ̀ ti ń pè é ní Oyinmọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun ló kọ́kọ́ rí i pé ẹyin kan ti là. Ó ké sí baba rẹ̀, “Ẹ wá wò ó! Ó ń yọ ahọ́n sí mi!” Erè tó jáde níbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin tí a gbé sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wo erè, ó wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, kọ Oyinmọmọ.”

Mo kọ ọ́. Ọmọ náà na ọrùn wo káàdì náà, ó sì ba ojú jẹ́. “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ mí?”

“Torí a ò tíì mọ̀ ọ́ dáadáa.”

“Èmi mọ ara mi,” ló fi dá mi lóhùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ibà mú ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Lọ́jọ́ kejì tí a sin ín, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí ìdúró nínú yàrá ejò. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí káàdì yẹn, ó ti pa apá kan nínú pẹ́ńsù náà rẹ́ láìmọ̀. “Akọ̀wé,” ó ní, “fi báírò kọ ọ́.” Mo mọ òfin. A kò tíì dà á pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa lahùn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ? Mo mú báírò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo kọ ọ́.

Erè náà bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ náà bímọ. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn àwọ̀ náà gan-an. Fóònù á dún, ẹni tí a kò mọ̀ rí á ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ṣé Oyinmọmọ wà?” Ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn pé, “Ó wà.” Ẹ ò rí ojú rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ kì í dúró gbọ́ ọ. Tí fóònù bá ti dún báyìí, á dìde, á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì tún fẹsẹ̀ tẹ yàrá ejò mọ́ látọjọ́ tí ọmọ ti lọ. Fún odidi ọdún mẹ́fà, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí pé ọmọ òun kú. “Ìgbà tí ilé dákẹ́” ló máa ń sọ.

Kì í ṣe onímàgòmágó o, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Lọ́dún kan, ó da Oyinmọmọ méjì pọ̀, ẹyin kan kò sì là. Nígbà tí a là á, ọmọ inú rẹ̀ funfun báláú, kò lójú, ó ti kú. Ó sin ín sẹ́yìn ògiri, ó sì ní kí n kọ ọ́ sára gbogbo káàdì pé: Ẹ má da Oyinmọmọ méjì pọ̀. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò kùtà ní tirẹ̀. Àwọn oníbàárà ń yìn ín pé kò fi nǹkan pa mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló fi pa mọ́. Káfíńtà àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ti sọ àwọ̀ tirẹ̀ ní Ewé Gbígbẹ kí tiwa tó dáyé. Ẹ gbọ́ orúkọ! Lọ́dọọdún tí a bá ṣe ìpàdé, á fi awò ojú rẹ̀ wo erè wa fínnífínní, á ní, “Bàbá Eléjò, tìẹ yìí mà jọ tèmi. Jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀ wò.” Ẹ̀gbọ́n mi á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà fà mí sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ń sá o.” Inú bí mi. Mo ní kó lọ kan àga rẹ̀, kó fi wá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aránṣọ kan wọlé tọ̀ wá wá, ó gbé abọ́ tó fi àjákù aṣọ bò dání. Ó ti ra abo Oyinmọmọ kan lọ́wọ́ wa, ó tọ́ ọ dàgbà fún ọdún mẹ́ta, ó wá fi akọ Ewé Gbígbẹ kan sí i. Ẹyin mẹ́jọ ni. Mẹ́fà pa, méjì kò pa. Ó ṣí aṣọ kúrò lórí abọ́. Àwọn méjèèjì funfun báláú, wọn kò lójú.

“Bàbá, mo ka káàdì yín,” ni obìnrin náà wí. “Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ni mo ṣe. Mi ò da Oyinmọmọ méjì pọ̀. Kí ni mo wá ṣe tí ò dáa?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo inú abọ́ náà títí. “O ò ṣe nǹkan kan,” ó ní. “Káàdì ló parọ́ fún ẹ. Oyinmọmọ àti Ewé Gbígbẹ, ohun kan náà ni wọ́n.”

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà,” mo sọ.

“Èmi ni mo ní kó kọ ọ́,” ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Nígbà tí aránṣọ lọ tán, mo gbógun ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká kàn fi kún káàdì pé kí wọ́n má da Oyinmọmọ pọ̀ mọ́ Ewé Gbígbẹ. Ó parí. Kí orúkọ ọmọ wa dúró.” Ó wò mí, mo sì rí i pé ó wù ú. Ó wù ú débi pé ó jókòó.

“Tí ẹni tó rà á bá tún tà á fún ẹlòmíì ńkọ́?” ó bi mí. “Tí káàdì bá sọ nù? Orúkọ nìkan ló máa bá ejò yẹn lọ. Gbogbo ọmọ tí ò ní lè là jáde, wọ́n á máa sọ pé Oyinmọmọ ló fà á.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mú ìwé wá.”

Ó ń pe lẹ́tà sí ẹgbẹ́ pé Oyinmọmọ ti di Ewé Gbígbẹ, mo ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo jókòó ti káàdì tuntun mẹ́tàlélógójì, mo ń kọ Ewé Gbígbẹ, omijé ń kán sí mi lọ́wọ́, mo ba mẹ́ta jẹ́, mo tún wọn kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń yọ ti àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sáré.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni ìyàwó rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó wọlé, ó kọjá lára àwọn ike láìwo ibì kankan, ó ní, “Èyí àkọ́kọ́ dà?” Ẹ̀gbọ́n mi nà án sí i. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, pẹ́ńsù ọjọ́ yẹn ṣì hàn lábẹ́ báírò. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Fóònù dún. Kò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Yàrá náà dákẹ́ débi pé gbogbo wa ló gbọ́ ohùn ọkùnrin kan níbẹ̀: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Oyinmọmọ wà?”

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Kò sí mọ́,” ó ní. “Ọmọ mi ni. Ó ti kú.”

Ọkùnrin náà ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ejò ni òun ń béèrè o. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ike, káàdì yẹn wà láyà rẹ̀, ẹkún tí kò fẹ́ sun lójú ọkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sì ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi náà jókòó tì í, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dé báírò mi, mo sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn wọn.