Ológbò Tí Fẹ́yìsetán Fẹ́ Wólẹ̀ Fún

Fẹ́yìsetán, télọ̀ tó ń rán aṣọ kúáyà ní Ìyànà Ìyẹsí, kì í fojú ire wo ológbò. Nílé bàbá rẹ̀ ní Ìkirun, bí ológbò bá ké lórí òrùlé, àdúrà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ta ló wá rán an níṣẹ́ tó fi gbà láti ṣe ará Íjíbítì nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì?

Ayọ̀kúnnúmi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó kọ eré náà, là á yé e. "Màmá, nígbà tí àwọn Gíríìkì ń jọba ní Íjíbítì, ará Róòmù kan pa ológbò. Ẹ̀rù Róòmù ń ba ọba, síbẹ̀ kò lè gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ará ìlú tó fẹ́ pa á. Ẹran tí wọ́n ń bọ bí òòṣà ni ológbò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wólẹ̀ fún un."

Ìrọ̀rí ni wọ́n fi ṣe ológbò nígbà tí wọ́n ń dán eré wò, Fẹ́yìsetán sì ń wólẹ̀ fún ìrọ̀rí tọkàntọkàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ológbò gidi ni wọ́n gbé jáde. Bó ti ké báyìí, Fẹ́yìsetán bọ́ sálúbàtà. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ló wí, ó sì là á mọ́ ológbò nídìí. Búrọ̀dá Cornelius, tó ń ṣe ará Róòmù tó yẹ kó pa ológbò, ló sáré gbé e mọ́ra.

Àwọn ará Íjíbítì yòókù wo ara wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé ẹni tó bá lu ológbò ni kí wọ́n lù. Wọ́n gbé imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fẹ́ fi ṣeré, wọ́n lé Fẹ́yìsetán yí ṣọ́ọ̀ṣì ká.

Ológbò ní tirẹ̀ ti já bọ́ lọ́wọ́ Búrọ̀dá Cornelius, ó ti fò sórí àga pásítọ̀, ó jókòó, ó ń retí ẹni tí yóò wólẹ̀.