Àgbàdo Inú Yàrá Àlejò

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni Alàgbà Láníyọnu, Ìlọrin ló sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún tí oúnjẹ wọ́n gógó, ó ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń ra àgbàdo nìkan ló ń ráhùn. Àwọn tó kó o pamọ́ kì í sọ̀rọ̀. Ìráhùn sú òun náà. Bí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjà Ìpàta ló gbà lọ. Ó ra àgbàdo lọ́wọ́ Alhaja Sadiya, ó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò ní yàrá àlejò, ó sì to àpò lé àpò títí ó fi kan àjà.

Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn, pálọ̀ ló sùn.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ni Láníyọnu wí. "Àlejò kan ló ti ṣáájú yín dé."

Adédoyin, ìyàwó rẹ̀, kò gbọdọ̀ tú àpò kankan. Ilé kún fún àgbàdo, ògì ojú títì ni wọ́n ń rà mu.

"Bàbá Ìtùnú, ìgbà wo lẹ máa tà á?"

"Jẹ́ kó wọ́n díẹ̀ sí i."

"Ó ti wọ́n débi pé àwa gan-an ò lè rà á mọ́."

"Ta ló ní àwa la máa rà á?"

Ìkórè ìjọ dé, wọ́n ní kí Alàgbà gbàdúrà kí oúnjẹ lè dọ̀pọ̀ nílẹ̀ wa. Ó gbàdúrà fún òjò, ó gbàdúrà fún àgbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ń já geere. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ iye owó ọjà, ó wúkọ́.

"Bàbá, bá wa dá sí i ní àkókò tó wù Ọ́. Má ṣe kánjú, Olúwa."

Àmín tó ti ìjókòó àwọn àgbà ìjọ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Bí wọ́n ṣe jáde, Oyèbámijí, akápò ìjọ, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Alàgbà, àdúrà yẹn wọ̀ mí lára. Yàrá mélòó lẹ kó o sí?"

"Ọ̀kan péré. Ìwọ ńkọ́?"

"Gáréèjì ni tèmi. Ìta ni mọ́tò ń sùn."

Ṣùgbọ́n Olúwa kánjú. Ìjọba gbà kí àwọn oníṣòwò kó ọkà wọlé láti òkè òkun láìsan owó ibodè, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Oyi náà sì kórè yanturu. Owó àgbàdo já wálẹ̀. Láníyọnu ní yóò tún gòkè. Ó ń dúró, owó ọjà ń já wálẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àlejò, ó sáré lọ sí Ìpàta.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó àgbàdo yín."

Alhaja Sadiya rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. "Àgbàdo mi kẹ̀? Tíṣà, ẹ̀yin mà lẹ rà á! Láti àárọ̀ ni gbogbo ẹ̀yin olówó ìfẹ̀yìntì ti ń tò wá síbí. Alhamdulillahi, oúnjẹ ti wálẹ̀!"

Iye tó ní òun lè san kò tó ìdajì owó tó fi rà á. Láníyọnu fìbínú padà sílé, ó bá Adédoyin nídìí ìkòkò. Ìyàwó ti tú àpò mẹ́ta, ó ń ṣa kòkòrò kúrò. Láti ọjọ́ náà, ògì ni láàárọ̀, ẹ̀gbo lọ́sàn-án, tùwó àgbàdo lálẹ́.

"Ìjọba yìí," ni Láníyọnu wí bó ti ń bu òkèlè, "kò fẹ́ràn àwa àgbẹ̀ rárá."

"Àgbẹ̀ wo?" ni Adédoyin bi í.

Láníyọnu ju òkèlè sẹ́nu. Tùwó kún ẹnu rẹ̀.