Ìgò Issaba

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rí ìgò òfìfo. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ìròyìn ní Sakété máa ń pariwo pé, “Ẹni tó kọ ohun tí kò rí, olè ni!”

Mo kọ ọ́ nínú ìròyìn mi pé ìjọba gbẹ́ kànga sí ìlú Issaba. Ó ya ìwé náà, ó na ìgò òfìfo sí mi: “Lọ bu omi rẹ̀ wá.” Mo gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, kò sí kànga.

Oṣù yẹn náà ni ìjọba fún ọ̀gá mi níṣẹ́ ní rádíò. Ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀: “Issaba ti ní kànga.” Irọ́ gbuu!

Mo lọ bá a ní ilé iṣẹ́ rádíò, mo gbé ìgò òfìfo náà lé tábìlì rẹ̀. N kò dọ̀bálẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ lọ bu omi rẹ̀ wá.”