Ẹṣin Tí Kò Létí

Bí ẹ bá dé ilé Jethro agbẹ́gilére ní Kábà, ẹ má bi í léèrè ìdí tí àwọn ẹṣin rẹ̀ kò fi létí. Yóò kọ́kọ́ wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an lẹ ò létí. Lẹ́yìn náà yóò sọ ọ́, ẹ ó sì pẹ́ níbẹ̀. Èmi aládùúgbò rẹ̀ ti gbọ́ ìtàn náà títí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun.

Láyé ogun Tápà, orí òkè làwọn èèyàn wa ń sá sí bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá dé. Ìyá ńlá Jethro kan wà nínú ihò àpáta, ó gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra. Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Àwọn jagunjagun ò gbọ́, ṣùgbọ́n ẹṣin kan gbé etí sókè, ó yíjú sí ihò náà. Bí wọ́n ṣe kó tìyátọmọ lọ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ àgbà tó fara pamọ́ níta nìkan ló kù. Òun ló dàgbà di agbẹ́gilére, tó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni nílé òun kò gbọdọ̀ gbẹ́ etí fún ẹṣin. Ẹṣin tí kò bá gbọ́ ìró kò lè fi ibi téèyàn sá sí hàn.

Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, n ó sì bi í pé ṣé ẹṣin Fáráò náà ò létí ni. A máa fèsì pé òun kọ́ ló gbẹ́ ti Fáráò.

Nígbà tí Ọlọ́runlékè fẹ́ joyè, ó ní kí Jethro gbẹ́ ẹṣin ogun kan tí wọn yóò gbé ṣíwájú òun lọ́jọ́ ìwúyè. Igi apá ló fi gbẹ́ ẹ, ó rẹwà tìjánu tìjánu. Ọlọ́runlékè wo orí rẹ̀, ó ní kí ó lọ parí iṣẹ́. Jethro ní òun ti parí rẹ̀. Miriam ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Olóyè bínú lọ yá ẹṣin gidi ní Lọ́kọ́ja, Jethro sì da àpò bo tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìgbà òjò ni ti Adétutù ṣẹlẹ̀. Àbíkẹ́yìn Jethro àti Miriam ni, olùkọ́ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ó ń bọ̀ wálé nígbà tí àwọn oníbọn tó gun ọ̀kadà yọ látinú igbó, tí wọ́n sì kó gbogbo èrò inú ọkọ̀ lọ. Àwọn yòókù ti padà dé. Wọ́n ní nígbà táwọn sá, àwọn gbọ́ tí Adétutù ń pe bàbá rẹ̀, àwọn ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀kadà bá dún ládùúgbò wa, Miriam á sáré jáde wo ojú ọ̀nà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. N kò fi ẹṣin ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ìró òòlù. Jethro ti ṣí àpò kúrò lórí ẹṣin. Igi ò ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ tó lè gbẹ́, nítorí náà ó gbẹ́ etí lọ́tọ̀, ó ń kàn án mọ́ ọn. Etí náà tóbi ju ti ẹṣin lọ.

Ọlọ́runlékè gbọ́, ó wá fúnra rẹ̀. Ó kí wa, "Okun o," ó ní inú òun dùn pé iṣẹ́ ti parí, òun yóò gbé e lọ sí pálọ̀ òun.

"Kì í ṣe tiyín mọ́, Olóyè," ni Jethro wí. "Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ọmọ ló sọnù lọ́wọ́ tèmi. Ó pè mí, etí mi ò gbọ́."

Olóyè ṣí fìlà. Òun ló bá a di orí ẹṣin mú tí ó fi kan etí kejì.

Ẹṣin náà ń bẹ níwájú ilé wọn, ó kọjú sí ọ̀nà Ayétòrò. Bí ọ̀kadà bá ń kọjá báyìí, Miriam kì í wo ojú ọ̀nà mọ́. Etí ẹṣin ló ń wò, bóyá yóò mì.