Mẹ́ta Tí Mo Fi Lé Ọgọ́rùn-ún

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Mónógíráàmù ló ń ṣe níbẹ̀: inú kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ti ń gba àwòrán ọnà tí yóò rán sára aṣọ. Èmi ni mo to kọ̀ǹpútà náà jọ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo ń wo fídíò, mo sì ń tú nǹkan.

Purosẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti tì pa láti iléeṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà yí ìyára rẹ̀ padà. Nọ́ńbà méjì ló ń bí ìyára rẹ̀: ìpìlẹ̀, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún, àti iye ìgbà tí a ó sọ ìpìlẹ̀ náà di púpọ̀. Èyí kejì ni wọ́n tì. Ṣùgbọ́n mọ́dábọ́ọ̀dù wa, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé, gbà kí èèyàn sún ìpìlẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo sún un sí ọgọ́rùn-ún àti mẹ́ta kó lè yára sí i, mo tún kọ̀ǹpútà tàn.

Fáànù fẹ́, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó kú, ó tún ara rẹ̀ tàn, ó tún kú.

Alájì kan ń bọ̀ láti Ìpele lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ wá gba agbádá tí yóò wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọnà àyà agbádá náà kò sí níbòmíràn àfi nínú kọ̀ǹpútà yẹn.

"Kí ló ṣe é?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ó ń sinmi díẹ̀ ni, àǹtí."

"Ó ń sinmi, àbí o ti pa á?" Ó gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. "Wàláì, o ò jáde. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ẹ́, ike wà níbẹ̀ yẹn."

Mo mọ ohun tó ṣe é. Ìpìlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti purosẹ́sọ̀ nìkan; ráàmù, níbi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ń bá a sáré; lórí bọ́ọ̀dù tiwa, ọ̀nà dísíìkì tí ọnà wà nínú rẹ̀ náà ń bá a sáré. Mo ti lé gbogbo wọn kọjá ibi tí agbára wọn mọ. Oògùn rẹ̀ ni kí n yọ bátìrì pẹlẹbẹ ara bọ́ọ̀dù, kó lè gbàgbé ohun tí mo sọ fún un.

Mo pa suìṣì ara ògiri, mo yọ bátìrì, mo dúró, mo dá a padà. Bákan náà. Mo yọ ráàmù kan, mo fi ìkejì sílẹ̀. Bákan náà. Òógùn ń ro sí mi lójú.

"Alájì ti pè o. Ó ti kúrò ní Ìpele."

Mo tún yọ bátìrì. Ìgbà yìí ni mo rí iná kékeré aláwọ̀ ewé lára bọ́ọ̀dù: ó ṣì ń tàn. Wọ́n ti mú iná ìlú lọ láti àná, òkú suìṣì ni mo ń pa! Bó ti mọ́ gbogbo wa lára nìyẹn, ara ògiri ni ọwọ́ wa máa ń lọ. Ìnfátà abẹ́ tábìlì, tó ń fa iná láti ara bátìrì ńlá, ló ń bọ́ bọ́ọ̀dù, èmi fúnra mi ni mo sì fa wáyà rẹ̀ tààrà láìgba ara suìṣì.

Mo fa wáyà náà yọ, mo tẹ bọ́tìnì ìtanná kọ̀ǹpútà kí iná tó ṣẹ́kù lára bọ́ọ̀dù gbẹ. Iná kékeré náà rẹlẹ̀, ó kú. Mo to gbogbo rẹ̀ padà, mo tàn án. Ó dún pín-ìn. Ọgọ́rùn-ún. Ọnà wà níbẹ̀.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí bó ti ń tẹ́ agbádá sábẹ́ ẹ̀rọ. "Títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró."

Alájì dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gba ìwọ̀nba àyè tó kù. Mo há sáàárín ẹ̀rọ àti ògiri, mo ń rò ó pé ká ní mo kọ́kọ́ dín ìyára ráàmù kù ni, ọgọ́rùn-ún àti méjì ìbá gbà.

"Kí lò ń rò?"

"Kò sí nǹkan, àǹtí."

"Gbé ọwọ́ rẹ síbi tí mo ti lè rí i."