Olùkọ́ Tó Ń Fún Ihò Lóúnjẹ

Bí ẹnìkan bá ṣáná, olùkọ́ yunifásítì kan tí a jọ gbé ilé ní Ìbà ni mo máa ń rántí. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi igi kan ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké. Bí ihò síkúrúù tó de ìyẹ́ ọkọ̀ náà bá ti gbòòrò jù, wọn kì í bínú. Wọ́n á ní, "Ebi ló ń pa á." Wọ́n á gé orí igi ìṣáná dànù, wọ́n á ti igi náà bọ gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi dí ihò náà. Bó bá gbẹ, síkúrúù á tún mú pinpin.

"Dádì, kí ni kí n wá fi tan sítóòfù?" ni ìyàwó wọn máa ń pariwo.

Ní Sátidé kan, gbogbo àwa ayálégbé tẹ̀lé wọn lọ sí pápá kan lọ́nà Òjó. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ju ọ̀kan nínú ọkọ̀ òfuurufú wọn sókè, ìyẹ́ kan yọ. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà jókòó sórí koríko, wọ́n fi igi ìṣáná àti gọ́ọ̀mù tún un ṣe, a sì dúró títí oòrùn fi mú un gbẹ.

Wọ́n jù ú. Ó fò kọjá orí wa, ó kọjá igi àgbọn. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ sáré tẹ̀lé e, ìró ń tú nídìí wọn, wọ́n ń kígbe pé, "Ọkọ mi ló kàn án o!"